Káàdì àwòrán méjì nínú kọ̀ǹpútà kan: mo fẹ́ lo sikiríìnì márùn-ún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n káàdì kan ń lé èkejì jáde

Mídíà_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń bójú tó mídíà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Kọ̀ǹpútà tá à ń lò jẹ́ tokunbọ̀ ọ́fíìsì, onígogoro, pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) rẹ̀ ni Core i5-4590, RAM 8GB, Windows 10. Lọ́dún tó kọjá a ra káàdì àwòrán GTX 1650 sí i. Ihò mẹ́ta ló ní: HDMI kan, DisplayPort kan, DVI kan. Mọ́nítọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ wà lórí DVI, èyí tí mo fi ń ṣọ́ OBS (ètò tá a fi ń gba fídíò sílẹ̀ tàbí gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì) wà lórí DisplayPort, pírójẹ́kítọ̀ ńlá sì wà lórí HDMI. Títí débẹ̀, kò sí wàhálà.

Àwọn àgbà ìjọ wá ní kí n gbé tẹlifíṣọ̀n kan síwájú, tó máa kọjú sí akọrin àti oníwàásù, kí wọ́n lè máa rí ọ̀rọ̀ orin àti aago. Wọ́n tún ní kí n gbé ọ̀kan sí yàrá àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ó di márùn-ún. Mo lọ ra GeForce 210 lówó pọ́ọ́kú, mo ki í bọ ihò gígùn kejì lórí mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), fáànù rẹ̀ sì ń yí.

Bí mo bá fi dráífà 210 (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì) sí i báyìí, GTX 1650 á kú. Mọ́nítọ̀ mẹ́ta á di ọ̀kan, gbogbo lẹ́tà á tóbi gbàǹgbà. Bí mo bá dá dráífà GTX padà, 210 á gbé àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò lérí nínú Device Manager. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti tú u palẹ̀ tí mo tún un tò. Ọjọ́ Àìkú kò jìnnà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà · 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìdààmú, ọ̀gá mídíà. Irú rẹ̀ máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi dáadáa. Káàdì yín kò bàjẹ́, mọ́dábọ́ọ̀dù náà kò bàjẹ́, ẹ má sì tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Dráífà ni ìjà náà dá lé lórí.

NVIDIA ló ṣe káàdì méjèèjì, Windows kì í sì í jẹ́ kí dráífà NVIDIA oríṣi méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Èyí tẹ́ ẹ fi sí i kẹ́yìn ló máa lé ti tẹ́lẹ̀ jáde. Tí káàdì méjèèjì bá jẹ́ ẹgbẹ́, dráífà kan á tó wọn. Ṣùgbọ́n 2009 ni GeForce 210 jáde, dráífà tí wọ́n ṣe kẹ́yìn fún un ni 342.01, ní 2016. GTX 1650 tiyín, oṣù kẹrin 2019 ló jáde. Nígbà tí wọ́n bí ti yín, wọ́n ti pa ìwé ti 210 dé. Kò sí dráífà kan tó mọ àwọn méjèèjì, bó ti wù kẹ́ ẹ wá a tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró sọ́dọ̀ NVIDIA, GT 1030 ni kẹ́ ẹ wá. Dráífà 580 gba òun àti GTX 1650 pọ̀. GT 710 náà lè bá a gbé, àmọ́ ẹ óò ní láti dúró lórí dráífà 470, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ìdílé rẹ̀ dúró ní 2021. Èmi kì í tà á fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Olótùú_Fídíò · 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èmi ń fi káàdì méjì ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí, ti NVIDIA kan àti ti AMD kan, GTX 1660 àti RX 550. Mọ́nítọ̀ mẹ́rin ni mo so mọ́ ọn. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀, dráífà wọn kì í kan ara wọn. Ọ̀kan ò mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀. Ẹ da 210 padà, ẹ fi owó kún un, kẹ́ ẹ ra RX 550. Kò béèrè wáyà iná lọ́tọ̀, 50W péré ló ń jẹ.

Bàbá_Kọ̀ǹpútà · 10:21 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí Olótùú sọ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Windows 98 ni Windows àkọ́kọ́ tó gbà kéèyàn so ju mọ́nítọ̀ kan lọ. Nígbà náà, káàdì kan, ihò kan. Bí o bá fẹ́ mọ́nítọ̀ méjì, dandan ni káàdì méjì. Ihò AGP, tí wọ́n ṣe fún káàdì àwòrán nígbà náà, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, torí náà PCI, ihò fún káàdì oríṣiríṣi, ni kejì gbọ́dọ̀ wọ̀. Mo ṣe é nílé iṣẹ́ tí a ti ń tẹ ìwé: mọ́nítọ̀ oníkùn méjì lórí tábìlì kan, tábìlì náà tẹ̀ láàárín.

Vista ló tún wá dí i lọ́wọ́. Ó ní dráífà kan ṣoṣo ni gbogbo káàdì gbọ́dọ̀ lò, kò gba ti ilé-iṣẹ́ méjì. Windows 7 ló tú u sílẹ̀ padà. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan ṣì ń sọ fún yín pé AMD àti NVIDIA kò lè gbé pọ̀. Ọ̀rọ̀ ayé Vista ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà wáyà SLI fún yín. Ìyẹn wà fún kí káàdì méjì jọ fa àwòrán eré kan ṣoṣo. Kò kan sísọ mọ́nítọ̀ di púpọ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_Lọ́ńdọ̀nù · 10:47 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bùrọ̀dá. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Kí ni ẹ fẹ́ káwọn ìyá ọlọ́mọ máa rí nínú yàrá wọn? Ṣé ohun tí gbogbo ìjọ ń rí lára pírójẹ́kítọ̀ náà ni, àbí ohun mìíràn?

Mídíà_Ìbàdàn · 10:52 alẹ́

Ohun kan náà ni o. Ọ̀rọ̀ orin, ẹsẹ Bíbélì, àti kámẹ́rà nígbà ìwàásù.

Ọmọ_Ìbàdàn_Lọ́ńdọ̀nù · 11:05 alẹ́

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sikiríìnì márùn-ún lẹ ní, ṣùgbọ́n àwòrán mẹ́rin lẹ ní. Káàdì kì í ka sikiríìnì, àwòrán ló ń kà. Pírójẹ́kítọ̀ àti yàrá àwọn ìyá jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ni. Ẹ ra sípílítà HDMI oníméjì, kí wáyà kan láti inú káàdì wọ inú rẹ̀, kí méjì jáde, ọ̀kan sí pírójẹ́kítọ̀, ọ̀kan sí yàrá àwọn ìyá. Windows á rí wọn bí ẹyọ kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé sípílítà kan náà lè fún yín ní àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò lè ṣe é. Ẹ̀dà ló ń ṣe. Tí pírójẹ́kítọ̀ kò bá sì gbà ju 1280×800 lọ, tí tẹlifíṣọ̀n gba 1920×1080, ẹ lè rí i pé èyí tó kéré ló máa pàṣẹ fún méjèèjì.

Àwòrán kẹrin, ti akọrin, ló kù. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò. Kí ló wà níbi tí mọ́nítọ̀ máa ń wọ̀ kí ẹ tó ra GTX?

Mídíà_Ìbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Ẹni tó tà á fún wa ti fi rọ́bà dúdú bo àwọn ihò kan. Mo fi èékánná ṣí i: VGA kan, DisplayPort méjì. Mo gbé mọ́nítọ̀ kékeré kan wá, mo ki VGA bọ̀ ọ́. Kò gbé nǹkankan jáde, “No signal” ló ń kọ. Mo rò pé wọ́n ti jóná.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà · 8:02 àárọ̀

Wọn ò jóná o. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló jẹ́ pé ní kété tí wọ́n bá rí káàdì nínú ihò gígùn, wọ́n á pa àwòrán ti inú fúnra wọn. Core i5-4590 ní káàdì àwòrán tirẹ̀ nínú, Intel HD 4600, ó sì lè gbé sikiríìnì mẹ́ta. Káàdì kejì tí ẹ̀ ń wá kiri ti wà nínú ilé látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ra á.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ 210, ẹ tàn án padà, ẹ wọ BIOS (ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí Windows tó wọlé). Ní apá Video tàbí Advanced, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Multi-Display sí, tàbí iGPU Multi-Monitor. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti mọ́dábọ́ọ̀dù dé mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ tàn án. Ẹ jẹ́ kí GTX ṣì jẹ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wọ Windows, ẹ fi dráífà Intel sí i. Ti NVIDIA tó wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kó ka nọ́ńbà ara pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí F bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà Intel, bíi i5-10400F, kò ní àwòrán nínú. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ra káàdì kejì lóòótọ́.

Olótùú_Fídíò · 8:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alátùn-únṣe, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ èyí. HD 4600 kò lágbára, inú RAM kọ̀ǹpútà ló sì ti ń bù jẹ. 8GB ni wọ́n ní, OBS ń jẹ, ètò orin tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin jáde náà ń jẹ. Èmi á ṣì ní kí wọ́n ra RX 550. Mo ti rí fídíò tó ń gé wẹ́wẹ́ lójú gbogbo ìjọ rí, kò dùn ún rí.

Oníná_Ṣágámù · 9:11 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná kó tó di pé a ra káàdì. Pírósẹ́sọ̀ yẹn, 84W. GTX 1650, 75W, inú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gba gbogbo rẹ̀. RX 550, 50W. Ó di 209W, a ò tíì ka dísíìkì, fáànù àti RAM. Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni wọ́n kọ sára páwà páàkì yín, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà?

Mídíà_Ìbàdàn · 9:20 àárọ̀

290W. Ó sì ti pẹ́.

Oníná_Ṣágámù · 9:34 àárọ̀

Èmi ò ní kó o ra káàdì kẹta sínú rẹ̀. Páwà páàkì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí iná tiwa yìí kì í lè gbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́. Tí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń mí bí ẹni tó fẹ́ kú láàárín ìsìn, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ti pa ara rẹ̀. Ti Intel tó wà nínú, inú 84W yẹn náà ló wà. Kò fi nǹkan ńlá kún un.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà · 10:05 àárọ̀

Àbúrò mi Olótùú, ìbẹ̀rù rẹ tọ́, iṣẹ́ tìrẹ ló yàtọ̀. Ìwọ ń gé fídíò lórí gbogbo mọ́nítọ̀. Ohun tí akọrin máa rí ni lẹ́tà funfun lórí dúdú àti aago. Káàdì 2013 gbé ìyẹn láìlàágùn. Ohun tó ń rìn ni kó wà lórí GTX, ohun tó dúró sójú kan ni kó wà lórí Intel.

Ọ̀rọ̀ RAM tó sọ, òótọ́ ni. Ọ̀gá mídíà, ṣé ẹyọ kan 8GB ni àbí 4GB méjì? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi 8GB kejì kún un nígbà tí owó bá wà. Méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ́ kí àwòrán Intel yára sí i, torí ibẹ̀ ló ti ń bu omi mu.

Olùkọ́_Àjàṣẹ́ · 1:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí iléèwé ni èmi wà, kọ̀ǹpútà wa kò tó ọmọ. Ohun tí mo fi káàdì méjì ṣe yàtọ̀: Debian (irú Linux kan, dípò Windows) ni mo fi sórí kọ̀ǹpútà, mo wá pín in fún ọmọ méjì. Káàdì kan, mọ́nítọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì kan fún ọmọ àkọ́kọ́. Káàdì kejì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún ọmọ kejì. Àṣẹ `loginctl attach seat1` ni mo fi ya ohun èlò ẹnì kejì sọ́tọ̀, oníkálùkù sì ń wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Ọ̀kan ń tẹ lẹ́tà, èkejì ń ṣe ìṣirò, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń jẹ iná.

Níbẹ̀ kò sí ọgbọ́n sípílítà tó lè gbani, torí ìjókòó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì tirẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ fi NVIDIA méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá mídíà ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo padà lo ti Intel inú pẹ̀lú Radeon (káàdì AMD) kékeré kan.

Mídíà_Ìbàdàn · Ọjọ́rú, 8:36 alẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti tàn! Mo rí i nínú BIOS, Multi-Display ni wọ́n pè é lóòótọ́. Mo tàn án, Windows wọlé, ó gbọn sikiríìnì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí mọ́nítọ̀ kékeré yẹn tó mọ́lẹ̀ lórí VGA. Mo pariwo débi pé ọdẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọlé wá wò mí. Nínú Display settings, mọ́nítọ̀ mẹ́rin ló tò síbẹ̀, 1 dé 4.

Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́, pírójẹ́kítọ̀ ń gé wẹ́wẹ́ nígbà tí mo fi fídíò sí i, bẹ́ẹ̀ GTX ló wà. Èkejì, tẹlifíṣọ̀n akọrin jìnnà tó mítà 25. Mo so wáyà HDMI gígùn mọ́ kọnfátà DisplayPort, àwòrán ń ṣẹ́jú, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà · 9:02 alẹ́

Àkọ́kọ́: mọ́nítọ̀ wo lẹ ti ṣí ètò orin náà?

Mídíà_Ìbàdàn · 9:06 alẹ́

Mo ti gbé mọ́nítọ̀ ìṣiṣẹ́ mi lọ sórí VGA, torí ó sún mọ́ mi.

Alátùn-únṣe_Ìkẹjà · 9:19 alẹ́

Ibẹ̀ gan-an ni. Káàdì Intel ló wá ń fa àwòrán ètò náà, Windows tún ń da á kọ sórí GTX kí pírójẹ́kítọ̀ tó rí i. Ó ń pọn omi nínú odò kan láti lọ dà á sínú odò mìíràn. Ẹ dá mọ́nítọ̀ ìṣiṣẹ́ yín padà sórí GTX, kẹ́ ẹ fi ṣe mọ́nítọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Graphics settings nínú Windows 10, ẹ mú ètò orin àti OBS, ẹ yan “High performance” fún àwọn méjèèjì. Ti akọrin nìkan ni kó wà lórí Intel.

Wáyà mítà 25, ẹ má dà á láàmú. Bàbà lásán kì í gbé HDMI jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń gbé HDMI gba inú wáyà Cat6 (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì): àpótí kékeré kan lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó ní iná tirẹ̀ ní ìhà méjèèjì ni kẹ́ ẹ rà. Bí yàrá àwọn ìyá bá jìnnà, irú rẹ̀ náà ni.

Bàbá_Kọ̀ǹpútà · 9:45 alẹ́

Ọmọ mi, ṣé pírójẹ́kítọ̀ yín ní HDMI tirẹ̀? Mo bi ọ́ nítorí ẹlòmíràn tó máa ka èyí. Ẹni tí pírójẹ́kítọ̀ rẹ̀ jẹ́ ayé àtijọ́, oní-VGA nìkan, kó má ra kọnfátà DVI sí VGA fún káàdì tuntun. Kó wo ihò DVI náà dáadáa: bí kò bá sí ihò kékeré mẹ́rin yí pẹlẹbẹ gígùn yẹn ká, àwòrán VGA kò jáde níbẹ̀. Láti ìran GTX 10 ni NVIDIA ti yọ ọ́ kúrò. VGA ti mọ́dábọ́ọ̀dù ni kó lò.

Mídíà_Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

A ti ìsìn dé. Mo dá mọ́nítọ̀ mi padà sórí GTX bí ẹ ṣe ní, fídíò ìkéde ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ geere, kò gé rárá. Sípílítà ń bọ́ pírójẹ́kítọ̀ àti yàrá àwọn ìyá. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní láti ìgbà tí òun ti bímọ, òní ni òun kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù tí òun sì rí ojú ẹni tó ń wàásù. Àwọn akọrin ò wẹ̀yìn wo ògiri mọ́ láti wá ọ̀rọ̀ orin.

Ohun kan ló dẹ́rù bà mí. Ní aago méje àárọ̀, kí n tó dé, ẹnì kan ti tan kọ̀ǹpútà láìtan tẹlifíṣọ̀n akọrin. Nígbà tí wọ́n wá tàn án, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lójú akọrin ti bọ́ sórí mọ́nítọ̀ OBS. Mo tún un tò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_Lọ́ńdọ̀nù · 5:03 ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn gan-an, bùrọ̀dá. Lójú Windows, sikiríìnì tí kò tan lè dà bí ẹni tí kò sí nílé, pàápàá lórí DisplayPort, á sì kó ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kí gbogbo tẹlifíṣọ̀n àti pírójẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ tàn, kí kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn wọn, kí ètò orin ṣí gbẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa ń tètè dé.

Mídíà_Ìbàdàn · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi máákà kọ ọ́ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. GeForce 210 ti padà sínú páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ní NVIDIA mìíràn nínú, tó sì fẹ́ ẹ, kó kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.